Àgbọn Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Sọ́jà

Kò sí ẹni tí ó rí ọjọ́ tí wọ́n gbin àgbọn náà. Ohun tí gbogbo wa sọ nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ di wàhálà, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé ẹ̀yìn balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí ilé mẹ́rin jọ ń lò ni wọ́n gbìn ín sí, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí kì í wẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1950 ni. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe ní Èkó, ṣùgbọ́n Èkó kò ní yàrá fún mi. Ogun ti parí tipẹ́, àmọ́ àwọn tí ogun kó wá sí Èkó kò padà sílé: àwọn tí ó ti Bọ́mà dé, àwọn tí ó wá já ẹrù ọkọ̀ ológun ní èbúté, àwọn ìyàwó tí ó wá ọkọ wọn wá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀-Èkó. Ẹni tí ó ní yàrá kan a ta aṣọ sí àárín rẹ̀, a sì fi ìdajì háyà. Ojoojúmọ́ ni bọ́lẹ̀kájà ń kó ènìyàn àti ẹní wọn gba ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó ń já wọn sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti rí igbó tí ẹnìkan kò jókòó tì.

Ẹ̀yìn Kétu ni èmi sọ̀ sí, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìkòsí. Oko ẹ̀gẹ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé, ilé ti ń hù láàárín ẹ̀gẹ́ bí olú: amọ̀, ọparun, pákó àpótí ẹrù, dúrọ́ọ̀mù epo tí wọ́n fi òòlù lù títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹnikẹ́ni kò ní ìwé ilẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fọkàn tán ẹnìkejì rẹ̀. Bí o bá wọ bàtà, agbowó-orí ni ọ́. Bí o bá ní kẹ̀kẹ́, amí àwọn awọnlẹ̀ ni ọ́. Mo ní bàtà, mo ní kẹ̀kẹ́. Lójú mi, "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè mí. Lẹ́yìn mi, "Ojú-Ìjọba" ni.

Ẹbí kan ní Ìkòsí ló ni ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó ń ṣojú wọn ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onílẹ̀, àgbàlagbà Mùsùlùmí kan tí ó ga, tí ó tinrín, tí kì í gbé ohùn sókè. Òfin kan ni ó fún olúkúlùkù wa kí a tó rí ibi kọ́lé.

"Gbin ẹ̀gẹ́," ó wí fún mi. "Gbin àgbàdo, gbin ata. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ, má gbìn ín sí ilẹ̀ bàbá mi."

Kò nílò àlàyé. Obì, ọ̀pẹ, àgbọn: ẹni tí ó bá gbìn wọ́n sí ilẹ̀ onílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò nàka sí i lọ́la níwájú àwọn adájọ́ ìbílẹ̀ pé, "Igi bàbá mi rèé." Nígbà náà ni àlejò di onílé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé obì àti àkùkọ lọ fún un lọ́dọọdún ní ìṣákọ́lẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé àlejò ni wá.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni Sọ́jà ń gbé. Bọ́mà ni ó ti dé, òun pẹ̀lú ikọ́ kan tí kò lọ mọ́ àti tapólì ológun kan, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ẹrù. Tapólì yẹn ni ó fi ṣe òrùlé. Wọ́n ti wó ilé tí ó ń gbé ní Èkó. Ó wá yàrá dé Mẹ́ndẹ́, kò rí. Ìyàwó rẹ̀ lóyún nígbà tí wọ́n dé, ó sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo bá a tí ó ń fi amọ̀ dí ihò ara ògiri pé, "Akọ̀wé, ibí ni mo dúró sí o. Ẹ̀mẹta ni mo ti kó ẹrù mi sórí lọ́rí. Ẹ̀kẹrin, ẹ máa rí òkú mi nínú ẹrù náà."

Ìfọ́nnu kọ́. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ó gbẹ́ gọ́tà yí ilé rẹ̀ ká, ó gún régé bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Onílẹ̀ dúró lé e lórí.

"Sọ́jà, kí lèyí?"

"Gọ́tà ni, Bàbá. Kí omi má baà wọlé."

"Omi." Bàbá Onílẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ wọn jíjìn rẹ̀. "Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá gbẹ́ kòtò yí ilẹ̀ ká, kì í ṣe omi nìkan ló ń lé."

Ìyàwó Sọ́jà bímọ ní ìgbà òjò, ọmọbìnrin. Èkó ni mo wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi kẹ̀kẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ ti ń ké nínú ilé. Mo bá ìyá ìyàwó níbẹ̀, tí ó ti Ìjẹ̀bú wá tọ́jú ìyá ọmọ. Ó wẹ ọmọ, ó se ọbẹ̀ ata gbígbóná, ó bá gbogbo àdúgbò jà nítorí omi, ó sì padà lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ó lọ ni ewé kan yọ lẹ́yìn balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di méjì. Sọ́jà fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan. Gbogbo wa ń wẹ̀, gbogbo wa ń wò ó.

Bàbá Onílẹ̀ náà rí i. Ojú mi ni ó ṣe. Ìrọ̀lẹ́ kan tí ó bá ìbẹ̀wò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ọparun yẹn gan-an, ó fi fìlà rẹ̀ kọ́ ọ, nígbà tí ó sì ṣe tán, ó da omi tí ó kù nínú kẹ́tùrù sí ìdí àgbọn. Mo rántí nítorí pé mo rò nígbà náà pé bàbá náà ní inú rere.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, ohùn tí kì í lọ sókè.

"Ta ló gbin èyí?"

Sọ́jà jáde pẹ̀lú orín lẹ́nu. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Èmi kọ́ ni mo gbìn ín."

"Ó hù fúnra rẹ̀. Àgbọn fẹsẹ̀ rìn wá láti Agbóyì, létí odò."

"Bóyá ó wọkọ̀ ojú omi, Bàbá," ẹnìkan wí láti inú balùwẹ̀. Ohùn káfíńtà tí ń gbé lápá òsì mi ni. A rẹ́rìn-ín. Bàbá Onílẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Kí oṣù yìí tó kú, kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi. Mo sọ ọ́ fún ọ. O gbẹ́ kòtò, mo dákẹ́. O gbin igi. Ọ̀la, wàá sin òkú síbẹ̀." Ó na ọwọ́ di ewé àgbọn náà mú láti fà á tu.

Ìyàwó Sọ́jà yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sáré, kò ké. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Olóbi ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ìyá mi ló sin ín, òun ló gbin àgbọn lé e lórí."

Bàbá Onílẹ̀ jọ̀wọ́ ewé náà bí ẹni tí ó di irin gbígbóná mú. Olóbi, èyí tí ó tẹ̀lé ọmọ jáde láti inú ìyá rẹ̀, ẹni tí ó bá hú u, ọmọ gan-an ni ó fọwọ́ kàn. Igi tí a bá gbìn lé e, ti ọmọ ni. Mùsùlùmí mọ̀ bẹ́ẹ̀, onígbàgbọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Irọ́ ni," ó wí. Ó ti padà sí ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá sí ìta mi lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. A ó gbọ́ ọ dópin."

Ìbéèrè méjì ni mo gbé lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́: ṣé òótọ́ ni obìnrin náà sọ? Èkejì ni ó dùn mí jù: kí ló dé tí ẹni tí ó ti bomi rin àgbọn wá ń bínú sí i nísinsìnyí?

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tí ń ta ògì ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní, "Mo rí i tó lóyún, mo rí i tó gbọ́mọ. Èyí tó wà láàárín, Ọlọ́run ló rí i."

Káfíńtà wo bàtà mi kí ó tó dáhùn. "Ta ló rán yín?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

"Ẹ má bínú o. Lọ́rí kan dúró lójú ọ̀nà lóru ọjọ́ tí ìyàwó Sọ́jà bímọ. Mo rò pé ilé ìgbẹ̀bí ló gbé e lọ."

"O rí i tó wọ lọ́rí?"

"Mo ní mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

Ọkùnrin Agbóyì kan tí ó máa ń fi ọkọ̀ gbé yanrìn wá fún àwọn tí ń mọ ilé ni ó dáhùn ìbéèrè kejì, láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ń da yanrìn sílẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ igi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Igi lẹ ń lé kiri? Ẹ ò tíì dé ẹ̀yìn oko yìí, níbi odò? Ẹ lọ wo èèkàn."

Mo lọ. Èèkàn tuntun ni, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀. Wọ́n ti la ẹ̀gẹ́ já gbọọrọ láti etí odò wá, ìlà náà sì dúró sí ẹ̀yìn ilé Sọ́jà gan-an. Mo padà lọ bá oníyanrìn.

"Àwọn wo ló rì wọ́n?"

"Àwọn awọnlẹ̀, àti ọ̀gá kan tó fi áńkáṣíìfù bo imú rẹ̀ nítorí ẹrẹ̀."

"Bàbá Onílẹ̀ mọ̀?"

"Òun ló ń gé igbó níwájú wọn."

Ó yé mi wàyí. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ fẹ́ ẹ lófìfo, ilé Sọ́jà sì ni ó kọ́kọ́ dí ọ̀nà. Kì í ṣe àgbọn ló ń lé e. Èèkàn ló ń lé e, wọ́n kàn fi àgbọn bojú ni. Mo lọ sọ fún Sọ́jà, mo rò pé yóò dúpẹ́. Ó gbọ́ ọ dé ìparí.

"Báwo lẹ ṣe mọ gbogbo èyí?"

"Mo bèèrè ni."

"Ní Bọ́mà, ẹni tó bá mọ ọ̀nà igbó jù ni a kọ́kọ́ máa ń dì mú."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a lọ sí Ìkòsí. Bàbá Onílẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ẹbí rẹ̀. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, arúgbó obìnrin kan ń pa ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Onílẹ̀ ni, àkọ́bí bàbá wọn. Agbóyì ló ti ṣe ilé ọkọ, ó sì padà sílé baba rẹ̀ nígbà tí ọkọ kú. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí ó ṣe àga fún un láàárín àwọn tí ń ṣèpàdé.

"Wọ́n ní olóbi ló wà níbẹ̀," Bàbá Onílẹ̀ wí. "Èmi gbọ́ pé ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Olóbi ilé ìgbẹ̀bí, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń sin ín. Kì í bá ìyá ọmọ wọ lọ́rí padà."

"Inú yàrá mi ni mo bí i sí," ìyàwó Sọ́jà wí.

"Ta ló gbẹ̀bí?"

"Ìyá mi."

"Ìyá rẹ kò sí níbí."

"Ẹ ránṣẹ́ pè é, kí ẹ sì gbé omi sílẹ̀, torí yóò bá yín jà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí náà ní, "Kí la ń jiyàn sí? Ẹ jẹ́ ká hú u wò."

Bàbá Onílẹ̀ wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ó dáa. Ìwọ ni yóò di ọkọ́ mú?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀, ó padà jókòó. Káfíńtà tí ó tẹ̀lé wa ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rí i pé kò sí ẹni tí yóò hú u láéláé. Bí ẹni tó hú u bá bá olóbi níbẹ̀, ó ti fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Bí kò bá bá nǹkan kan, tí ibà wá mú ọmọ náà lọ́la, ta ni wọn yóò sọ pé ó ṣe é? Kò sí ẹlẹ́rìí tí ó le tó ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbẹ́.

Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Igi náà ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó padà sí ìpẹ́ ẹja rẹ̀.

Ìdájọ́ Bàbá Onílẹ̀ ni pé kí igi dúró, kí ènìyàn lọ. Oṣù kò ní kú bá Sọ́jà níbẹ̀. Sọ́jà bèèrè pé, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa tọ́jú igi ọmọ mi?"

"Ọlọ́run," Bàbá Onílẹ̀ wí, ó sì dìde.

Bí a ti ń jáde, Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ pè mí. "Ìwọ oníbàtà yìí, wọ́n ní o máa ń tọ ọ̀rọ̀ bí ajá. Kí lo rí?"

Mo sọ fún un nípa èèkàn. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró lórí ẹja.

"Títí dé odò?"

"Títí dé odò, Ìyá."

"Ilẹ̀ bàbá mi," ó wí. "Wọn ò pè mí."

Ọ̀gá tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà dé ní òwúrọ̀ kan tí oṣù ti ń parí lọ. Ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ńlá, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, Bàbá Onílẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀. Sọ́jà ti ń tú òrùlé. Ìdajì tapólì ti wà nílẹ̀, oòrùn sì ti wọ inú yàrá tí wọ́n ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹrù, kò sunkún. Mo ń fi ojú wá ọmọ náà, n kò rí i.

Lẹ́yìn balùwẹ̀ ni a ti bá a. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí ní ìdí àgbọn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, ó ń wẹ̀ ẹ́. Omi ọṣẹ ń ṣàn lọ sí ìdí igi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá," ọ̀gá náà wí. "Ọmọ ọmọ yín ni?"

"Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀, ọ̀gá, orí olóbi rẹ̀ lẹ dúró sí."

Ọ̀gá náà wo bàtà rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn bí ẹni tí ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ó yíjú sí Bàbá Onílẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi pé ilẹ̀ náà ṣófo."

"Àlejò ni wọ́n. Wọ́n ń kó lọ, ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i pé wọ́n ń kó lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́, ta ló ń kó o?"

"Ẹ tún wá bi í," Ìyá Àgbà wí, ó ń fa apá ọmọ, "ìdí tí ẹ kò fi tíì kí àkọ́bí ẹni tó ni ilẹ̀. Èmi ni. Ilẹ̀ ẹbí, ṣé ẹnìkan lè dá a tà?"

Ọ̀gá náà wo Ìyá Àgbà, ó wo Bàbá Onílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n."

"Obìnrin ni."

"Mo rí i pé obìnrin ni." Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu bàtà rẹ̀. "Ilẹ̀ ni mo wá rà. N ò wá ra ẹjọ́." Ó sì gba ọ̀nà tí ó bá wá padà lọ. Bàbá Onílẹ̀ sáré tẹ̀ lé e dé ojú títì, ó ń ṣàlàyé. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé.

Sọ́jà kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gun orí ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so tapólì padà.

Ẹ má rò pé ìfọkànbalẹ̀ dé. Nígbà tí Bàbá Onílẹ̀ tún wá sọ́dọ̀ wa, ó dúró níwájú àgbọn, ó ní, "Bí ó bá so, àkọ́so rẹ̀, ti ẹbí ni."

"A ti gbọ́, Bàbá," Sọ́jà wí. Nígbà tí Bàbá lọ, Sọ́jà sọ fún mi pé, "Ẹ rí i? Kò tíì so, ó ti ń pín in." Èmi náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìfura Sọ́jà. Títí mo fi kó kúrò, ó gbà pé èmi ni mo mú àwọn awọnlẹ̀ wá lákọ̀ọ́kọ́, tí mo wá yí ọkàn padà. Àwọn èèkàn wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń so okùn aṣọ mọ́ wọn.

Nígbà tí òmìnira kù díẹ̀, mo tún gba Kétu kọjá, mo sì yà. Páànù ti gba ipò tapólì. Àgbọn ti ga ju balùwẹ̀ lọ, kò tíì so. Ọmọbìnrin náà ń sáré lé adìyẹ kiri. Sọ́jà lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà tí ó ti kú. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Ìyá Ọmọ, ó ti pẹ́. Kò sí ẹni tó máa gbọ́. Inú yàrá ni, àbí ilé ìgbẹ̀bí?"

Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Ó wo kẹ̀kẹ́ mi, ó wo bàtà mi.

"Bùrọ̀dá Akọ̀wé, ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ lọ hú u wò."